Kí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí distributed algorithms?

Ẹni tó bá gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣèwádìí distributed algorithms (ètò ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́ kan) yẹ̀ wò lè bá ohun tó máa rú u lójú pàdé. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè lé ní igba, síbẹ̀ kò sí áàpù kankan tó lè nawọ́ sí pé òun ló ṣe é. Èyí tí wọ́n yìn ín fún jù lọ lè jẹ́ ojú ìwé díẹ̀ tó fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan kan kò lè ṣeé ṣe láé. Orúkọ rẹ̀ lè gbẹ̀yìn lórí iṣẹ́ tó jẹ́ pé òun ló ronú kan kókó rẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un lọ́dún yìí lè jẹ́ nítorí ohun tó kọ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló nídìí, ìdí náà sì wà nínú irú ìbéèrè tí àwọn èèyàn yìí ń bá wọ̀yá ìjà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbéèrè náà, ká tó wá sórí bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sí alábòójútó

Álígọ́rídímù ni ètò ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti yanjú ìṣòro. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ló jọ ń ṣe é, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò mọ̀ ju ohun tó wà nínú mẹ́mórì tirẹ̀ àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀gá tó ń wo gbogbo wọn látòkè. Kò sí aago kan tí gbogbo wọn jọ ń wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè pẹ́ lọ́nà, ó lè sọnù, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn sì lè kọ́kọ́ dé. Kọ̀ǹpútà kan tún lè kú nígbà tí àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ, kí wọ́n má sì mọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ aago. Lọ́dún 1978, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Leslie Lamport fi hàn pé nígbà mìíràn, kò nítumọ̀ rárá láti béèrè èwo ló ṣáájú nínú ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì. Ohun kan ṣáájú òmíràn bí àwọn méjèèjì bá wáyé lórí kọ̀ǹpútà kan náà tí ọ̀kan kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, tàbí bí ọ̀kan bá jẹ́ fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tí èkejì sì jẹ́ gbígba àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an, tàbí bí irú ìsopọ̀ báyìí bá so wọ́n mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ. Níbi tí kò bá ti sí ìsopọ̀, kò sí èyí tó ṣáájú. Ohun tó wá dábàá kò le: kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní òǹkà kan, kó máa fi 1 kún un nígbàkigbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì máa kọ iye náà mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́. Bí òǹkà ẹni tó ń gbà á bá wà lórí 4, tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé 9 wọlé, òǹkà náà á fò sí 10. Nípa báyìí, ohun tó fa nǹkan á máa ní nọ́ńbà tó kéré sí ti ohun tó fà nígbà gbogbo. Àmọ́ ẹ má yí i padà o: pé nọ́ńbà kan kéré kò fi hàn pé òun ló ṣáájú. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn.

Kí àwọn olùwádìí yìí tó yanjú ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ kọ irú ayé tí àwọn kọ̀ǹpútà náà ń gbé sílẹ̀. Módẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà mélòó ni? Lẹ́tà n ni wọ́n fi ń dúró fún un. Mélòó nínú wọn ló lè bàjẹ́? Lẹ́tà f nìyẹn. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ṣé ńṣe ló máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ó lè máa purọ́ fún àwọn yòókù? Ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ ní gbèdéke ìgbà tó gbọ́dọ̀ dé, àbí kò ní? Ṣé ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀? Ta ló lè bá ta sọ̀rọ̀? Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá yí padà níbí, ohun tó ṣeé ṣe lánàá lè di ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà máa ń fo apá yìí nínú àpilẹ̀kọ. Ní tiwa, òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà, nítorí àbájáde yòówù tó bá tẹ̀ lé e, abẹ́ módẹ́lì yẹn nìkan ló ti jẹ́ òótọ́.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún fẹ́ yan aṣáájú

Àpẹẹrẹ tó kéré tó láti fọwọ́ ṣírò rèé. Kọ̀ǹpútà 5 wà lórí ìlà tó yí ká bí òrùka, ìkọ̀ọ̀kan sì lè fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, bí a bá ń kà á lọ sí ọ̀tún, ni 3, 7, 1, 9, 4, lẹ́yìn náà a padà sí 3. Wọ́n fẹ́ yan aṣáájú kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó mọ nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1979, Ernest Chang àti Rosemary Roberts kọ ọ̀nà kan jáde. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀tún. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà tó ju tirẹ̀ lọ á tì í síwájú. Tó bá kéré sí tirẹ̀, á dà á nù. Ẹni tí nọ́ńbà tirẹ̀ bá yí ká tó sì padà bá a, òun ni aṣáájú. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà 9 gba ọ̀dọ̀ 4, 3, 7 àti 1 kọjá kó tó padà délé: ìrìn 5. Nọ́ńbà 7 kọjá lọ́dọ̀ 1, ó kú lọ́dọ̀ 9: ìrìn 2. Nọ́ńbà 4 kọjá lọ́dọ̀ 3, ó kú lọ́dọ̀ 7: ìrìn 2. Nọ́ńbà 3 àti nọ́ńbà 1 kú lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé: ìrìn 1 sí 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11, a ó sì fi 5 kún un kí aṣáájú lè kéde ara rẹ̀ yí ká.

Ká wá ní ńṣe ni wọ́n tò ó bí 9, 7, 4, 3, 1. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan á rìn jìnnà kó tó kú, àpapọ̀ á sì di 15 kí a tó ka ìkéde. Ní kọ̀ǹpútà 5, kò tíì jọ nǹkan. Ní kọ̀ǹpútà 1,000 tí ètò burú bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á di 500,500. Lọ́dún 1980, Hirschberg àti Sinclair gbé ọ̀nà mìíràn wá fún òrùka tí ọ̀rọ̀ ti lè gba ọ̀tún àti òsì: kí olùdíje kọ́kọ́ yẹ ẹni tó wà nítòsí wò níhà méjèèjì, lẹ́yìn náà kó dé ìwọ̀n 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8, kí ẹni tó bá pàdé nọ́ńbà tó ju tirẹ̀ lọ sì jáwọ́. Bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i ni olùdíje ń dín kù sí i. Fún kọ̀ǹpútà 1,000, bó ti wù kí ètò wọn burú tó, kò ní kọjá 88,000.

Ìbéèrè tó kàn ni èyí tó ya ọ̀jọ̀gbọ́n inú iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí onímọ̀ ẹ̀rọ: ṣé a tún lè dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ? Greg Frederickson àti Nancy Lynch dáhùn rẹ̀ lọ́dún 1984. Wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé álígọ́rídímù yòówù tí kò ṣe ju kó fi nọ́ńbà wéra lọ, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré, kò lè bọ́ lọ́wọ́ iye tó wà ní ìwọ̀n n ìlọ́po log n (log n ni iye ìgbà tí a lè pín n sí méjì kó tó di 1), kódà bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Wọn kò sọ pé àwọn wá a tì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sẹ́ni tó máa rí i láé. Irú àbájáde yìí ni wọ́n ń pè ní lower bound: iye tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ná èèyàn, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ẹ wá kíyè sí gbólóhùn náà, “tí kò ṣe ju kó fi nọ́ńbà wéra lọ.” Tí wọ́n bá lè fi nọ́ńbà ka àkókò, ọ̀rọ̀ yí padà. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ k dúró fún nǹkan bí ìṣísẹ̀ k ìlọ́po n kó tó la ẹnu. Nọ́ńbà tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á gbọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ n péré ni, nítorí ìdákẹ́jẹ́ náà ń gbé ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà tó kéré jù bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, tí n sì jẹ́ 1,000, ìṣísẹ̀ bílíọ̀nù kan ni wọ́n máa dúró. Àtẹ̀jíṣẹ́ dín kù, àkókò gbówó lórí.

Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ bá wà láàárín wọn

Lọ́dún 1980, Pease, Shostak àti Lamport gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó le ju èyí lọ: bí kọ̀ǹpútà kan bá lè purọ́, tó lè sọ ohun kan fún ẹnì kan, kó sì sọ òdì kejì rẹ̀ fún ẹlòmíràn ńkọ́? Lọ́dún 1982 ni wọ́n fún un lórúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ìṣòro àwọn ọ̀gágun Byzantium.

Ká ní A ló ń pàṣẹ, B àti C ló ń gbà á. B gbọ́ “1” lẹ́nu A, C sì sọ fún un pé “0” ni A sọ fún òun. Ta ló ń purọ́? Ó lè jẹ́ A ló sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, ó lè jẹ́ C ló yí ọ̀rọ̀ po. Ohun tí B rí nínú ipò méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, nítorí náà kò sí ọ̀nà tó fi lè yàn dáadáa. Ẹ fi D kún wọn. Bí A bá jẹ́ olóòótọ́ tó sọ 1, tí D sì jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, B á ní 1 láti ọ̀dọ̀ A, 1 láti ọ̀dọ̀ C, 0 láti ọ̀dọ̀ D. Èyí tó pọ̀ jù ló máa mú. Bí A gan-an bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ tó sọ 1, 1 àti 0 fún àwọn mẹ́ta náà, nígbà tí wọ́n bá sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ara wọn, nọ́ńbà mẹ́ta kan náà ló máa wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n á sì yan ohun kan náà. Òfin tó jáde níbẹ̀ ni pé n gbọ́dọ̀ tó 3f + 1: kọ̀ǹpútà 4 fún ọ̀dàlẹ̀ 1, 7 fún 2, 100 fún 33. Fischer àti Lynch sì fi kún un lọ́dún 1982 pé bí f bá lè bàjẹ́, álígọ́rídímù tó bá fẹ́ dáàbò bò wá gbọ́dọ̀ ṣe tán láti lo yípo f + 1, yípo kan sì ni ìgbà kan tí gbogbo wọn jọ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn.

Iṣẹ́ yìí wà lórí bébà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1999, Miguel Castro àti Barbara Liskov gbé èyí tó yá tó láti lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi jáde, púpọ̀ nínú blockchain tòní (àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́) ló sì ń lo ọ̀nà tó bá tiwọn tan.

FLP, àbájáde tó dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró

Bí ẹ bá bi àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà pé àbájáde wo ni kò ṣeé fò, púpọ̀ nínú wọn á dárúkọ FLP, ìyẹn lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Fischer, Lynch àti Paterson. Wọ́n gbé e wá sí àpérò lọ́dún 1983, ó sì jáde nínú Journal of the ACM ní oṣù kẹrin ọdún 1985, láti ojú ìwé 374 dé 382. Ojú ìwé 9 péré. Ohun tó sọ ni pé bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá ní gbèdéke ìgbà tó gbọ́dọ̀ dé, tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sì lè kú, kò sí álígọ́rídímù tí kì í ṣẹ́ kèké tó lè fi dá wa lójú pé àwọn tó kù á fohùn ṣọ̀kan nígbà gbogbo, kódà lórí 0 tàbí 1 lásán.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tó kú àti ẹni tó ń pẹ́ jọra wọn lójú ẹni tó ń dúró. Tí a bá dúró dè é, ó lè ti kú, a ó sì dúró títí ayé. Tí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jí, kó sì ti pinnu ohun tó yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ̀rí náà ń tọ ipasẹ̀ ohun tí a lè pè ní ipò iyèméjì: ipò tí 0 àti 1 ṣì jọ ṣeé ṣe láti ibẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ fi hàn pé ó kéré tán, ìbẹ̀rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ipò iyèméjì. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi hàn pé láti ipò iyèméjì yòówù, ẹni tó ń darí ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń dé lè mú wọn bọ́ sínú ipò iyèméjì mìíràn láìdá àtẹ̀jíṣẹ́ kankan dúró títí láé. Nítorí náà wọ́n lè máa yí kiri láìpinnu.

Àwọn kan máa ń rò pé FLP ní kí a má ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Michael Ben-Or jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ́ kèké lọ́dún 1983, ó sì bọ́. Dwork, Lynch àti Stockmeyer ní lọ́dún 1988 pé ó tó bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń balẹ̀ nígbà tó bá yá, kódà bí a kò bá mọ ìgbà náà. Chandra àti Toueg ní kí a fún kọ̀ǹpútà ní ohun tó ń fura sí ẹni tó kú, bí ìfura náà bá tilẹ̀ ń ṣì nígbà mìíràn. Álígọ́rídímù ìfohùnṣọ̀kan méjì, Paxos ti Lamport àti Raft, tí Ongaro àti Ousterhout gbé jáde lọ́dún 2014, ń tọ ọ̀nà kejì: wọn kì í pinnu ohun méjì tó takora láé, ṣùgbọ́n nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, wọ́n lè dúró láìpinnu. Fún ikú lásán láìsí irọ́, 2f + 1 ló tó: sáfà 3 fún ikú 1, sáfà 5 fún ikú 2. Sáfà 4 kò fi nǹkan kan ju 3 lọ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú 4 jẹ́ 3, bí méjì bá sì kú, ó parí. Ìdí rèé tí àwọn tó ń lo etcd, ibi ìpamọ́ dátà tí Raft ń darí, fi máa ń yan 3 tàbí 5.

Ìgbésí ayé iṣẹ́ náà

Ẹ wo ti Nancy Lynch, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti jáde léraléra lókè yìí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT lọ́dún 1972, lábẹ́ Albert Meyer, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí distributed algorithms. Ìwọ̀n ìṣòro ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Àpilẹ̀kọ Lamport lórí aago ṣì ku ọdún mẹ́fà. Ó kọ́ni ní Tufts, ní University of Southern California, ní Florida International University àti ní Georgia Tech, kó tó padà sí MIT ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Lọ́dún 1987, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Mark Tuttle gbé I/O automata jáde, ìyẹn ọ̀nà láti kọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan àti ojú ọ̀nà láàárín wọn sílẹ̀ bí ẹ̀rọ kéékèèké, kí a lè so wọ́n pọ̀, kí a sì fi ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rí gbogbo wọn ró. Ìwé rẹ̀, Distributed Algorithms, jáde lọ́dún 1996. Lọ́dún 2002, òun àti Seth Gilbert fi ẹ̀rí gbe ohun tí Eric Brewer ti sọ ní àpérò PODC lọ́dún 2000, èyí tí wọ́n ń pè ní CAP: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pín sí méjì, ẹ̀rọ náà kò lè máa dá gbogbo ẹni tó bá béèrè lóhùn, kó sì tún máa fún wọn ní ìdáhùn tó bára mu. “Mú méjì nínú mẹ́ta” (ìdáhùn tó bára mu, dídá gbogbo ẹni lóhùn, àti fífarada pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí wọ́n fi ń kọ́ni ní CAP ń ṣini lọ́nà, nítorí pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń yàn.

Àpérò ni ọjà pàtàkì wọn. PODC bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, èyí tó wá ń jẹ́ DISC sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn, àpérò wà fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀, jọ́nà ni wọ́n ń kà sí iṣẹ́. Níbí, àpilẹ̀kọ àpérò ni àwọn olùyẹ̀wò ń yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà láìgbà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ni kì í gba inú ojú ìwé tí wọ́n fún wọn, nítorí náà àpilẹ̀kọ kíkún máa ń wà lórí ìkànnì arXiv, ti jọ́nà sì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbéga tí àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀, tó bá ń ka jọ́nà nìkan, máa rò pé ẹni náà kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń wá ìgbéga kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé èyí mọ́ fáìlì rẹ̀, kí ó má dúró de kí wọ́n béèrè.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Ní ìhà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ yìí, ètò álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sábà ń fi to òǹkọ̀wé. Fischer ṣáájú Lynch, Lynch ṣáájú Paterson, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹni tó ṣe jù. Kì í ṣe òfin irin: Pease, Shostak, Lamport ni wọ́n tò ó lọ́dún 1980, Lamport, Shostak, Pease lọ́dún 1982. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka “òǹkọ̀wé àkọ́kọ́” mélòó ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń kà.

Ìdí tí ẹ̀bùn fi ń pẹ́ wà nínú ìtàn Dijkstra. Lọ́dún 1974, Edsger Dijkstra kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan nípa ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ipò ìdàrúdàpọ̀ yòówù kó bá ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe padà sí ipò tó tọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó kà á sí, títí Lamport fi pe àkíyèsí sí i nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní PODC lọ́dún 1983. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka ìwádìí odidi kan ti jáde. Lọ́dún 2002, àpilẹ̀kọ náà gba ẹ̀bùn àpilẹ̀kọ tó lágbára jù ní PODC. Dijkstra kú lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n sì sọ ẹ̀bùn náà lórúkọ rẹ̀ lọ́dún 2003. Òfin ẹ̀bùn ọ̀hún ni pé ipa iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti hàn fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá. FLP ló gbà á lọ́dún 2001, nígbà tí orúkọ àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ Dwork, Lynch àti Stockmeyer sì gbà á lọ́dún 2007. Paxos náà mọ ìdádúró: ọdún 1990 ni Lamport fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà, ọdún 1998 ló jáde. Lọ́dún 2013, Lamport gba ẹ̀bùn Turing, èyí tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí á ti dúró níwájú pátákó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ọ̀kan ń dábàá álígọ́rídímù, èkejì ń ṣe alátakò: ó ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ dúró, ó ń pa kọ̀ǹpútà ní àsìkò tó burú jù, ó ń wá ètò tí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Púpọ̀ àbá ló ń kú síbẹ̀. Èyí tó bá yè ni wọ́n máa gbìyànjú láti fi ẹ̀rí gbé.

Ẹ̀rí náà kì í sábà wó níbi ìṣirò tó le. Ibi gbólóhùn tí wọ́n kà sí “ó hàn gbangba” ló ti ń wó: ohun kan tí wọ́n gbà láìkọ ọ́ sínú módẹ́lì, tàbí ètò ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Chord, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 láti wá dátà láàárín ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, di ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn èèyàn tọ́ka sí jù lọ, àwọn tó kọ ọ́ sì ní àwọn ní ẹ̀rí pé ó tọ́. Lọ́dún 2012, Pamela Zave fi irinṣẹ́ tó ń yẹ gbogbo ètò ìṣẹ̀lẹ̀ kéékèèké wò hàn pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde tó tọ́ délẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà díẹ̀ péré ló tó láti fi àṣìṣe náà hàn. Nítorí irú èyí ni Lamport ṣe dá TLA+ sílẹ̀, èdè tí a fi ń kọ álígọ́rídímù sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè yẹ ipò rẹ̀ gbogbo wò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amazon kọ lọ́dún 2015 pé ó ti bá wọn rí àṣìṣe tí àyẹ̀wò mìíràn kò lè rí.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò láti mọ èdè kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ó nílò ìmọ̀ gíráàfù, ìmọ̀ ìṣeéṣe, àti agbára láti kọ ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé láìbéèrè. Kó mú FLP, kó gbé ẹ̀rí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì gbìyànjú láti tún un kọ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti há ni kó padà kà. Lẹ́yìn náà, kó yí ohun kan padà nínú módẹ́lì: kó fún àtẹ̀jíṣẹ́ ní gbèdéke, tàbí kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ́ kèké, kó sì wá ìlà gan-an nínú ẹ̀rí náà tí kò ní dúró mọ́. Tó bá ń wá olùdarí, kó ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ ní àìpẹ́, kó kọ módẹ́lì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kó sì fi ìbéèrè kan tí àpilẹ̀kọ náà kò dáhùn sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó máa kọ sí i.